Ìbéèrè Tí A Gbé Dé Ẹnu Géètì

Àwọn ọmọ mi ní kí n kọ ohun tí mo bá rántí nípa ìyá wọn sílẹ̀. Mo ti jókòó tì í lẹ́ẹ̀mélòó kan. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a ti pàdé, tàbí láti ọdún tí ìbọn mú gbogbo Abidjan wọlé tìlẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ohun tó ń wá sí mi lọ́wọ́ ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí èmi àti òun fi ń rìn káàkiri inú bárékè ológun kan, tí à ń béèrè lọ́wọ́ ìdílé àwọn ṣọ́jà bóyá ìtọ́jú ìlera tí wọ́n ń rí gbà tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹ̀rín ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà máa ń pa mí. N ó kọ ọ́ bí ó ṣe rí.

Ọdún 2008 ni. Mo ti fẹ̀yìn tì. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Plateau, àárín ìlú Abidjan, tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí: a ó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, a ó ṣírò ìdáhùn wọn, a ó kọ ìwé rẹ̀ fún ẹni tó rán wa. Àdúgbò Treichville, ní Abidjan kan náà, ni ilé wa. Ibẹ̀ ni wọ́n bí èmi àti ìyàwó mi sí, àwọn òbí tèmi láti Ṣakí, àwọn òbí tirẹ̀ láti Ìgbòho. Aṣọ ọmọdé ni ó ń rán nínú pálọ̀. Ó gbọ́ Jùlá, èdè ọjà ìlú wa, ju Faransé lọ, ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀rọ̀ kí ènìyàn dúnàá dúrà, Faransé tirẹ̀ yá ju tèmi tí mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga.

Dókítà ológun kan ló wá mi rí. Ọ̀gá ni láàárín wọn, ọjọ́ orí wa sì súnmọ́ra. Nínú bárékè tó wà, ilé ìtọ́jú kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní infirmerie. Láàárọ̀ nìkan ni wọ́n ń tọ́jú àwọn ìyàwó àti ọmọ níbẹ̀. Bí ó bá ti di ọjọ́kanrí, àwọn ṣọ́jà nìkan ló kù tí ilẹ̀kùn ṣí fún. Dókítà yìí fẹ́ kí wọ́n máa tọ́jú àwọn ìdílé lọ́sàn-án pẹ̀lú. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní kò sí ẹni tó ráhùn.

Ó ní, "Ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá ní ó tẹ́ wọn lọ́rùn, ọ̀rọ̀ ti parí, n ó dákẹ́. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, mo fẹ́ kí ó wà nínú ìwé, nítorí ìwé nìkan ni àwọn ọ̀gá mi ń gbọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí a ṣe ìpàdé. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọdún mìíràn."

Mo kọ ìwé ìbéèrè náà bí mo ṣe mọ̀ ọ́n kọ. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní àpótí márùn-ún níwájú, láti "ó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an" títí dé "kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá". Ohun tó kù ni obìnrin tí yóò máa bi àwọn obìnrin. Mo ń ronú ta ni mo lè bẹ̀, nígbà tí ìyàwó mi gbé ojú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Pàpá, ṣé ẹnu tèmi ò tó ni?"

Orí tábìlì oúnjẹ wa ni mo ti kọ́ ọ níṣẹ́. Mo ní kí ó kí wọn dáadáa, kí ó ka ìbéèrè bí mo ṣe kọ ọ́, kí ó má fi kún un, kí ó má yọ kúrò, kí ó má kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìdáhùn. Mo ní bí ó bá ti pa ìwé dé, iṣẹ́ parí nílé yẹn, ohunkóhun tí wọ́n bá sọ lẹ́yìn ìyẹn kò sí nínú ìwádìí. Ó dìde, ó fẹsẹ̀ méjèèjì lù pọ̀, ó gbé ọwọ́ sí iwájú orí.

"Ó yé mi, mon colonel."

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ a ó wọ wòrò-wòrò, takisí tí èrò pọ̀ ń wọ̀, a ó sọ̀, a ó wọ gbáka, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń lọ sí ọ̀nà bárékè. Àwọn ilé kéékèèké tó wà níbẹ̀ tò bí ìlà inú ìwé ọmọ ilé-ìwé, aṣọ wà lórí okùn níwájú gbogbo wọn, adìyẹ ń rìn lábẹ́ aṣọ. Àwọn ìyàwó ni ó ń bá sọ̀rọ̀, èmi ń bá àwọn ọkọ tó bá wà nílé sọ̀rọ̀. Kò sí ilé tí wọn kò ti gbà wá. Wọ́n á fún wa ní àga, wọ́n á fún wa ní omi, wọ́n á wá béèrè ìròyìn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe ní ilẹ̀ yìí, àwa náà á ní kò sí aburú. Ẹni tó bá jẹ́ Jùlá, ìyàwó mi á bi í bóyá ó jí ní àlàáfíà, ìyẹn á ní "hẹrẹ dọrọn", àlàáfíà nìkan. A ó mú ìwé jáde, a ó béèrè. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn gan-an. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa.

Inú mi dùn. Ní gbogbo ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, n kò rí ìwádìí tó mọ́ tónítóní bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí ẹni tó lé wa, kò sí ìbéèrè kan tí wọ́n fò. Nígbà tí a ti lọ yí gbogbo ilé ká, mo di ìwé náà pọ̀, mo gbé e lọ fún dókítà, mo sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó gbé ẹ̀bùn lọ síbi ìgbéyàwó.

Ó ṣí ewé kan, ó ṣí èkejì. Ó dé àárín, ó fò dé ìparí.

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, dókítà."

"Ọ̀gbẹ́ni, obìnrin kan sọ bàtà lu nọ́ọ̀sì mi lóṣù tó kọjá. Ìlà kẹta, ilé kejìlá. Ṣé ó tẹ́ òun náà lọ́rùn?"

Mo wá ìwé ilé kejìlá jáde, nítorí nọ́ńbà ilé wà ní igun ìwé kọ̀ọ̀kan. Mo kà á. N kò fẹ́ kà á sókè, ṣùgbọ́n ó ń wò mí.

"Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn gan-an," ni mo wí.

Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó dá awò náà padà, ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀. Ó ní bí òun bá gbé ìwé yìí lọ sí ìpàdé, wọ́n lè ní kí òun ti ilẹ̀kùn ti àárọ̀ náà pa. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù.

Mo délé lọ́sàn-án, mo jókòó sídìí oúnjẹ, mo sì sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Ó ń ṣẹ́ etí aṣọ, kò tilẹ̀ dáwọ́ dúró.

"Èyí tó sọ bàtà? Ìyàwó kọ́pùrù tó ń sin adìyẹ ni. Bàtà náà kò bà á. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni etí ń dùn, tí etí ń ṣọyún. Ìyá náà fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Zone industrielle, àdúgbò àwọn ilé-iṣẹ́ ní Yopougon, ìdájí ló ń kúrò nílé, aago méjì ló ń dé. Bó bá fi máa dé infirmerie, wọ́n á ní ti ìdílé ti parí. Olùkọ́ ọmọ náà ti gbé e lọ sí ẹ̀yìn kíláàsì, ó rò pé olórí kunkun ni. Ọmọ ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ni."

Mo gbé ṣíbí mi sílẹ̀.

"Níbo lo ti gbọ́ gbogbo èyí?"

"Lẹ́nu géètì. Ó sìn mí jáde."

"Kí ló dé tí o kò kọ ọ́?"

Ìgbà yẹn ni ó wá dáwọ́ dúró. "Pàpá, ẹ̀yin lẹ ní bí mo bá ti pa ìwé dé, iṣẹ́ parí. Mo ti pa ìwé dé."

"Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Gbogbo wọn ló sìn mí. Ta ni ò ní sin àlejò?"

"Kí ni wọ́n sọ?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Èyí tó gbé oyún lọ sí ilé agbẹ̀bí aládàáni nítorí ọkùnrin ló ń tọ́jú aboyún ní infirmerie, ojú sì ń tì í. Èyí tí wọ́n ní kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, tó wọ ọkọ̀ méjì, tí wọ́n ní kí ó padà wá lọ́la. Ọbẹ̀ tutù níwájú mi, kò tíì sọ dé ìlà kejì.

Ojú tì mí, kì í sì í ṣe nítorí dókítà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí kò ṣàjèjì sí mi. Ẹni tí o fún ní àga àti omi, o kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣòro sí i létí. Bí ó bá ní báwo ni, a dúpẹ́ ni. Bó bá wá ní òun fẹ́ gba ọ̀nà, àwọn ará ilẹ̀ yìí á ní ìdajì ọ̀nà ni àwọn fún un, kí ó lè padà wá, wọ́n á sì dìde sìn ín. Ojú ọ̀nà yẹn ni ọ̀rọ̀ gidi wà. Bàbá mi, kò sí ọ̀ràn pàtàkì kan tó sọ lórí ìjókòó rí. Ó di ìgbà tí àlejò bá ti di ilẹ̀kùn mú. Gẹ́gẹ́ bí ọmọ ènìyàn mo mọ èyí. Gẹ́gẹ́ bí oníwàádìí ni n kò mọ̀ ọ́n.

Síbẹ̀ mo ṣe agídí díẹ̀. Mo ní kò sí ìwádìí tí wọ́n ń ṣe lójú ọ̀nà.

"Ẹ jẹ́ kí a ṣe é ná," ni ó wí, "kí a tó mọ̀ pé kò sí."

Mo ní ó dáa, kí ó kọ ohun tó rántí sílẹ̀, kí n fi kún ìwé. Ó kọ̀. Ó ní ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ fún òun lẹ́nu géètì, òun ni ó sọ ọ́ fún, kò sọ ọ́ fún ìwé. A ní láti padà lọ tọrọ rẹ̀. Nígbà tí ó bá ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tán, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ padà, kò sì sí àǹfààní kí ènìyàn tún fèsì. Mo ṣì máa ń gbọ́ ẹ̀rọ náà nígbà mìíràn.

Ní ọjọ́ kejì a tún wọ gbáka. A dé ilé, a jókòó, a mu omi, a sọ ìròyìn. A kò mú ìwé jáde. A ní a fẹ́ gba ọ̀nà, wọ́n fún wa ní ìdajì, wọ́n dìde. Bí a bá ti kọjá okùn aṣọ ni ìyàwó mi á rọra dá ọ̀rọ̀ infirmerie sílẹ̀. Bí a bá fi máa dé abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́nu géètì, ohun gbogbo ti jáde. Níbẹ̀ ni yóò ti yọ bírò àti ìwé nínú báàgì.

"Mo fẹ́ kọ ọ́, àbúrò mi. Ṣé kí n kọ ọ́?"

Ọ̀pọ̀ ní kí ó kọ ọ́. Àwọn kan ní kí ó kọ ìdajì. Bí a bá kọ ọ́ tán, a ó dágbére, a ó jáde ní géètì nítorí pé ẹni tó sìn wá ṣì ń wò wá, a ó dúró díẹ̀ lẹ́yìn ògiri, a ó sì tún wọlé lọ sí ilé tó kàn. Ṣọ́jà tó ń ṣọ́ géètì fara dà á títí dé ìgbà kẹrin.

"Tonton, ṣé ẹ̀ ń jáde ni àbí ẹ̀ ń wọlé?"

"Méjèèjì ni," mo dá a lóhùn.

"Ní bárékè, ènìyàn kì í ṣe méjèèjì."

Ìyàwó mi ní, "Ọmọ mi, má bínú. Àgbàlagbà ni, ó máa ń gbàgbé nǹkan sílé onílé."

"Kí ló gbàgbé?"

"Ọpọlọ rẹ̀."

Láti ìgbà náà ni ṣọ́jà yìí ti ń bi mí, bí mo bá ti yọjú, bóyá mo ti rí i.

Èmi náà ń ṣe tèmi. Àwọn ọkọ ló ń sìn mí. Sájẹ́ńtì kan wà tó ga, tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, tí àmì ẹ̀yẹ wà lára aṣọ rẹ̀. Ó sìn mí dé abẹ́ máńgòrò, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí etí mi.

"Bàbá, èmi kì í lọ síbẹ̀. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà mí."

"Ṣé kí n kọ ọ́?"

"Háà! Ẹ kọ pé… ẹ kọ pé ibẹ̀ jìnnà."

"Sájẹ́ńtì, infirmerie nìyẹn. Mo ń rí fèrèsé rẹ̀ láti ibi tí a dúró sí yìí."

"Fún abẹ́rẹ́," ni ó wí, "ó jìnnà."

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó kọ́pùrù ni a fi ṣe ìkẹyìn, nítorí ó di lẹ́yìn aago méjì kí a tó lè bá a nílé. Obìnrin kúkurú ni, ó yára sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ dúró tì í, ó fi òwú dí etí kan, ó ń wo ẹnu wa bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó sìn wá, adìyẹ kan sì ń tẹ̀ lé e. Lábẹ́ máńgòrò ó sọ ohun gbogbo, ó sì sọ ti bàtà pẹ̀lú, kò fi bò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó mi yọ bírò, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Tantie, rárá. Nọ́ńbà ilé mi wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á gbé ọkọ mi lọ sí ibi tí a kò ní rí i mọ́. Ó sàn kí etí máa dùn ún."

Mo fẹ́ ṣàlàyé pé nọ́ńbà náà ló ń jẹ́ kí ọ̀gá lè padà lọ yẹ iṣẹ́ wò. Mo ti lanu. Ìyàwó mi ti yọ àlùmọ́gàjí ìránṣọ rẹ̀ nínú báàgì, ó gé igun ìwé náà kúrò, ó sì gbé e lé obìnrin náà lọ́wọ́. Obìnrin náà wò ó, ó jù ú sílẹ̀, adìyẹ sá sí i, ó ṣà á jẹ lẹ́sẹ̀kan náà.

"Ó ti tán," ni ìyàwó mi wí. "Ta ni ó máa bi adìyẹ?"

Ẹ̀rín pa wá, títí kan ọmọ náà tí kò gbọ́ ohun tí a sọ. Ìyá rẹ̀ ní, "Ó dáa. Ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀." Nígbà tí a délé, ìyàwó mi gé igun gbogbo ìwé tó kù, nítorí ó ní ohun tí a ṣe fún ẹnì kan, a ní láti ṣe é fún gbogbo wọn. Mo jókòó tì í, mo ń ṣa àwọn igun náà sínú abọ́. Ó dùn mí bí ẹni tí wọ́n ń fá irun orí rẹ̀. Àlùmọ́gàjí náà ṣì wà nínú àpótí ẹ̀rọ. N kò tíì fún ẹnikẹ́ni.

Dókítà ka ìwé kejì yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fo ewé kan. Nígbà tó dé ti abẹ́rẹ́, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n ó padà wo igun ìwé.

"Níbo ni nọ́ńbà ilé?"

Mo sọ fún un.

"Ọ̀gbẹ́ni, ọ̀túnla ni ìpàdé. Wọ́n á bi mí bí mo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe abẹ́ igi kan lẹ jókòó sí tí ẹ ń kọ ọ́."

"Abẹ́ igi náà ni," ni ìyàwó mi wí.

Ó wo ìyàwó mi, ó wò mí. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Èmi fúnra mi ìbá ti da irú ìwé bẹ́ẹ̀ nù ní ọ́fíìsì. Mo ti ń ronú pé a ti ba iṣẹ́ jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan nítorí tèmi, ẹ̀ẹ̀kan nítorí tirẹ̀, nígbà tí ìyàwó mi tún sọ̀rọ̀.

"Dókítà, ẹ ní kí ọ̀gá yín wá kí wọn. Kí ó jókòó nílé méjì, mẹ́ta, kí ó mu omi. Kí ó má bi wọ́n ní nǹkan kan. Bó bá fẹ́ máa lọ, kí mọ́tò rẹ̀ dúró sí ìta. Kí ó fi ẹsẹ̀ rìn dé géètì."

Dókítà ní, "Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ lẹ́yìn aago méjì."

Ọ̀gá náà wá ní ọjọ́ kejì. Ọ̀gá àgbà ni, irun rẹ̀ ti funfun. Èmi àti ìyàwó mi wà lábẹ́ máńgòrò, a ṣe bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. A rí i tó jáde nílé kọ́pùrù. A rí ìyàwó kọ́pùrù lẹ́yìn rẹ̀, ó di ọmọ mú lọ́wọ́. Wọ́n rìn dé ibi okùn aṣọ, obìnrin kan jáde sìn ín, òmíràn jáde. Àárín ibẹ̀ sí géètì kò ju ohun tí ènìyàn lè rìn kí ife tíì tó tutù. Ó pẹ́ débi pé oòrùn kúrò lórí ẹsẹ̀ wa, ó bọ́ sí ara ògiri. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ọ̀gá náà á gbé ẹsẹ̀ kan, obìnrin kan á sọ nǹkan, yóò tún dúró. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn obìnrin tó tẹ̀ lé e kún ojú ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú etí ọmọ náà fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe dókítà. Ìyàwó mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi ní ìhà.

Ohun tí dókítà béèrè kọ́ ni wọ́n fún un ní ìpàdé. Ó béèrè fún gbogbo ọ̀sán. Wọ́n fún un ní méjì lọ́sẹ̀, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì obìnrin kan. Ti ojú tó ń ti aboyún yanjú. Ti ilé ìwòsàn ńlá kò yanjú. Ti sájẹ́ńtì, n kò mọ ẹni tó lè yanjú rẹ̀.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó pè wá, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ti wọ aṣọ kí n tó béèrè ibi tó ń lọ. Àwọn bẹ́ńṣì ti kún nígbà tí a dé. Àwọn obìnrin ń jà lórí ta ló kọ́kọ́ dé. Ìyàwó kọ́pùrù wọlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, aṣọ ilé-iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n pẹ́. Mo ní kí a máa lọ, ìyàwó mi ní kí n jókòó. Nígbà tí wọ́n jáde, òwú tuntun wà ní etí ọmọ náà, ìgò oògùn kékeré sì wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí?" ìyàwó mi béèrè.

"Wọ́n ní kò tíì bàjẹ́. Wọ́n ní kí a padà wá ní Ọjọ́bọ̀."

Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ọjọ́ tuntun kan ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sáyé.

Nígbà tí a padà dé Treichville, mo rí ìyàwó mi tó gun àpótí, tó fi bírò mi kọ "etí" sí abẹ́ Ọjọ́bọ̀ lórí kàlẹ́ńdà ara ògiri. Mo ní kì í ṣe àwa ni wọ́n dá ọjọ́ fún. Ó ní òun mọ̀.